Oògùn Ojú Tó Mú Mi Sanra

Ìmọ́lẹ̀ ni ó kọ́kọ́ di ọ̀tá mi. Àwọn tí mo bá sọ ìtàn yìí fún máa ń rò pé òkùnkùn ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ojú ni, ṣùgbọ́n òkùnkùn ṣàánú mi ju ìmọ́lẹ̀ lọ nígbà náà. Mo rántí àárọ̀ kan ní Òṣogbo, ní àwọn ọdún tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo ṣí fèrèsé yàrá wa bí mo ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́, oòrùn wọlé, ó sì gún mi lójú òsì bí abẹ́rẹ́. Mo pa ojú náà dé, omi ń dà níbẹ̀ wàràwàrà. Nígbà tí mo fi máa wo dígí, ó ti pọ́n bí ata. Mo sọ fún ọkọ mi pé kòkòrò ló kó sí i. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò rí kòkòrò kankan.

Táípíìsì ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àbẹ̀rẹ̀, ọkọ mi sì ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì mìíràn nínú ọgbà kan náà. Ọmọ Iléṣà ni mí, òun jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. A ti ṣègbéyàwó fún bí ọdún mẹ́ta, a kò sì tíì bímọ, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń di ohun tí àwọn ènìyàn fi ń kí wa láìfi ẹnu sọ ọ́. Kí n má purọ́, mo gbéra ga díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo lè tẹ ìwé láìwo ìka mi, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wọlé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹ̀fọn lórí ìwé tí mo ń tẹ̀, ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ bá wíjọ́, pé ìwé tí wọ́n ń rà fún wa kò mọ́. Lẹ́yìn náà mo ra awò ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Èyí tó bá ojú mi mu jù ni mo yàn, n kò tilẹ̀ bi ara mi bóyá mo fi ń ríran dáadáa. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ oògùn kan. Obìnrin kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ láàárín wa ní omi ọmú ń wo ojú tó ń ṣàìsàn sàn, ó sì fún tirẹ̀ sí mi lójú lẹ́yìn àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó tutù, ó sì dùn mọ́ mi. Mo jókòó níbẹ̀, omi ọmú ọmọ ọlọ́mọ ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo sì ń ronú pé bóyá báyìí ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí omi ọmú kàn mí.

Nígbà tí ojú ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni ọkọ mi mú mi lọ bá dókítà ojú kan ní Òṣogbo, àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbé àgbọ̀n mi lé orí irin, ó tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí mi lójú, mo sì ké. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó yẹ àyà mi wò, ó bi mí léèrè ikọ́, ó bi mí léèrè oríkèé ríro. Nígbẹ̀yìn ó ní àrùn náà kò sí ní ìta ojú, inú lọ́hùn-ún ló wà, ibẹ̀ ni ó ti ń wú tí ó sì ń gbóná. Mo bi í pé ta ló kó o ràn mí. Ó ní kò sí ẹnì kan. Ó ní gbogbo ara ló ní ọmọ ogun tí ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, tí ń lé àìsàn jáde, ṣùgbọ́n pé tèmi ti fi àṣìṣe ka ojú mi sí ọ̀tá, wọ́n sì ti gbógun tì í. Lábẹ́ ìjọba ológun ni gbogbo wa wà nígbà náà, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò láti ṣàlàyé fún mi bí ọmọ ogun ṣe ń kọjú ìbọn sí ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èmi kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ara ẹni náà wà lára ilé tí wọ́n ń wí.

Oògùn kéékèèké funfun ni ó kọ fún mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn láràárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí àwọn ọmọ ogun náà jókòó. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí wọ́n bá jókòó nítorí ojú, wọn kò ní lè dìde nítorí nǹkan mìíràn, kí n máa jìnnà sí ẹni tó ní ikọ́ àti ọmọ tó ní èéyi, kí n sì máa se omi tí mo bá fẹ́ mu. Ó tún ní òun yóò máa dín in kù fún mi díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n pé èmi fúnra mi kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara mi yóò ti gbàgbé bí ó ṣe ń dá dúró láìsí i. Bí a ti ń dìde ni ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàwàdà pé yóò mú mi sanra. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Lóòótọ́ ni mo sanra. Láàárín ìgbà díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yọ, ó tẹ́ rọbọtọ bí àkàrà, ọrùn mi ki, ikùn mi yọ sábẹ́ ìró. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rù ni wọ́n ń bi léèrè ohun tó ń ṣe é, ẹni tó bá sanra, wọ́n á ní ayé ń dùn mọ́ ọn. Àwọn obìnrin ọ́fíìsì ń kí mi pé mo kú ìgbádùn. Èmi tí n kò lè wo fèrèsé, tí mo ń so aṣọ dúdú mọ́ orí kí n tó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọ̀sán gangan, èmi ni wọ́n ń kí ní ìgbádùn. Ojú náà rọlẹ̀ o, n kò ní ṣàìmoore. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí dókítà bá fẹ́ dín oògùn náà kù, yóò tún ru. Wọ́n fún mi ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Epo mọ́tò wọ́n, kẹrosíìnì wọ́n jù ú lọ, igi ni gbogbo ilé fi ń dáná, èéfín igi sì ni ohun tí ojú mi kórìíra jù lẹ́yìn oòrùn. Ọkọ mi wá ní kí n lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ilé ìdáná ti jìnnà sí yàrá, fún ìgbà díẹ̀, òun yóò máa wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó kó oògùn tó pọ̀ dáadáa lé mi lọ́wọ́.

Ìyá ọkọ mi jẹ́ opó, ó ní oko kòkó àti igi obì, ó sì ní ọmọ mẹ́rin láyé nínú ọ̀pọ̀ tó bí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó ń yára rìn, ó sì fẹ́ràn mi. Ibi tí ìyà mi ti wá gan-an nìyẹn, nítorí bí kò bá fẹ́ràn mi ni, ì bá ti fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ó dúró, tó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó wo kòtò ọrùn mi, níbi tí àwọn àgbà obìnrin ti máa ń rí i pé nǹkan ń mí. N kò tíì kí i tán tí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Ó gba ẹrù lórí mi, ó ní kí n má ru nǹkankan wọ ulé òun.

Mo mọ ohun tó ń rò. Mo dúró lójú ẹsẹ̀, mo ní, "Ìyá, kì í ṣe oyún o. Oògùn ojú ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni, ìyàwó mi. Oògùn ojú ni."

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa kò ní mọ bí ìdáhùn yẹn ṣe burú tó. Obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún kì í jẹ́wọ́. Yóò ní ibà ni, yóò ní oúnjẹ àná ni kò bá òun lára mu, yóò sẹ́ títí ikùn yóò fi gba ọ̀rọ̀ náà sọ fúnra rẹ̀, kí ayé má baà gbọ́ kí ó tó dúró. Gbogbo ìyá ló kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́ èmi náà. Nítorí náà bí mo bá ti ń sẹ́ ẹ tó ni ó ń gbà á gbọ́ tó. Mo sọ fún un nínú yàrá, mo sọ fún un nídìí iyán, mo fi Bíbélì búra fún un, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n má fi Bíbélì búra mọ́, pé òun ti gbọ́, ó ti tó. Ó ń fi ojú bá àwọn obìnrin àdúgbò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, àwọn náà sì ń yẹra fún ọ̀rọ̀ náà bí ọmọlúàbí. Òtítọ́ ni mo ń sọ, kò sì sí ọ̀nà kankan tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò ní jọ irọ́ àtọwọ́dọ́wọ́.

Ohun tó wá ń dà á láàmú ni oògùn náà. Láràárọ̀ ni ó ń wò mí bí mo ṣe ń da ẹ̀kúnwọ́ oògùn funfun sẹ́nu. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n fún òun ní oògùn kan fún ibà nígbà tí oyún wà nínú òun, oyún náà sì wálẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé oògùn ló fà á tàbí pé òun kọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ọkàn ara rẹ̀ dá ẹjọ́ náà láti ogójì ọdún. Ó bẹ̀ mí kí n dín in kù. Mo ṣàlàyé fún un. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo na ọwọ́ sí ibi tí mo ń kó o sí, ọwọ́ mi kan pákó lásán.

Ó kọ́kọ́ ní òun kó o pamọ́ ni, pé bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, òun yóò kó o fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń sunkún. Nígbà náà ni ó wá jẹ́wọ́ pé ṣáláńgá ni òun dà á sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mu. Ó di orí mi mọ́ àyà, òun náà ń sunkún, ó ń fi ìpọ́njú tirẹ̀ àtijọ́ rẹ̀ mí lẹ́kún. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwa méjèèjì sunkún lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ríran nínú wa.

Kí á tó sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. N kò lè dìde lórí ẹní láìdi ògiri mú. Bí mo bá jẹun, yóò padà. Òórùn epo pupa ń mú èébì gbé mi. Ìyá ọkọ mi ń gba èébì náà sínú abọ́, ó ń nù mí lẹ́nu, ó sì ń rọra kọ orin ọpẹ́, nítorí kí ni àgbàlagbà obìnrin tún ń wá nígbà tó bá rí ìyàwó ilé tí ó sanra lọ́rùn, tí ó ń sẹ́, tí ó sì ń bì láàárọ̀? Ìyàwó pásítọ̀ wá gbàdúrà fún mi. Ó gbàdúrà gígùn lórí ikùn mi, kò sí ẹni tó rántí ojú. Mo ránṣẹ́ sí ọkọ mi nípasẹ̀ awakọ̀ kan, awakọ̀ náà kò rí epo rà, kò sì kúrò nílùú. Òpin ọ̀sẹ̀ dé, ọkọ mi kò dé, nítorí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Tẹlifóònù kò sí. Ojú mi méjèèjì ti pọ́n, wọ́n ń ro mí dé ìpàkọ́. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń gún iyán nínú àgbàlá, mo sì ń sọ fún Ọlọ́run pé bí Ó bá fẹ́ gba ojú yìí, kí Ó yáa gbà á, kí ìrora náà lè tán. N kò fi àdúrà yẹn yangàn. Ohun tó wà lẹ́nu mi nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo la ojú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ sí ìdajì yàrá. Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo gbé ọwọ́ kejì síwájú ojú òsì. N kò rí ọwọ́ náà. Mo gbé e súnmọ́ títí ó fi kan imú mi, síbẹ̀ n kò rí i. Mo yí i padà, ojú ọ̀tún ń rí, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wo inú omi tí wọ́n ti fọ aṣọ nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, ó ń kí mi. Apá òsì ni ó ti wá, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi abọ́ kàn mí lẹ́nu kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, mi ò rí yín."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀. Mo gbọ́ tí aṣọ rẹ̀ ń dún, mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó ń ju ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn níwájú ojú mi. Nígbà tí ó jáde, ó ń sáré. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní píkọ́ọ̀pù kan, epo díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ tó fi pamọ́ fún iṣẹ́ ara rẹ̀. N kò mọ ohun tí ìyá ọkọ mi sọ fún un. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà láàárín àpò, ó jókòó, ó gbé orí mi lé itan, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú mi nítorí oòrùn. Títí a fi dé Òṣogbo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń dárúkọ Jésù.

Dókítà ojú náà kò béèrè nǹkan púpọ̀. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí mi lára, kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, ara mi ti ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí ewéko tí wọ́n bomi rin. Ọkọ mi ti dé láti Àbẹ̀rẹ̀, ó dúró sẹ́bàá ibùsùn pẹ̀lú báàgì ọ́fíìsì lọ́wọ́. Dókítà wá bi mí pé ìgbà wo ni mo dá oògùn dúró, kí ló dé tí mo dá a dúró. Mo dákẹ́, nítorí ìyá ọkọ ẹni kì í ṣe ẹni tí ìyàwó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Ìyá náà ni ó dìde ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó jókòó sí. Ó ní, "Èmi ni mo da ojú ìyàwó mi sí ṣáláńgá." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tún jókòó. Ọkọ mi yí padà, ó kọjú sí ògiri.

Dókítà kò bá a wí. Ó ní ojú òsì ti kọjá ohun tí òun lè tún ṣe, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ṣì wà lọ́wọ́. Oògùn funfun nìkan kò ní tó mọ́. Oògùn mìíràn wà, oògùn kékeré aláwọ̀ ìyeyè, tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ láti mú àwọn ọmọ ogun náà so ìbọn wọn kọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, òun yóò sì máa gba ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò kó má baà ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó wá wo ọkọ mi, ó wo èmi náà, ó ní n kò gbọdọ̀ lóyún níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń lò ó, àti fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá dá a dúró. Mo bi í pé yóò tó ìgbà wo. Ó ní ó lè tó ọdún méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá kọ̀ ọ́ ńkọ́? Ó ní ojú ọ̀tún yóò tẹ̀ lé òsì.

Mo fẹ́ kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, mo ń wọ̀n ọ́n: afọ́jú tó bímọ ṣì jẹ́ ìyá, ọmọ yóò sì máa fà á lọ́wọ́ lọ sí ibi tó bá ń lọ. Ṣùgbọ́n àgàn tó ń ríran, kí ni yóò máa rí? Ọdún mẹ́ta kọjá, ọdún méjì mìíràn lórí rẹ̀, tàbí mẹ́ta, ta ló mọ̀ bóyá ilé ọmọ yóò ṣì dúró dè mí? Ọkọ mi kò lè sọ pé kí n lò ó, kò lè sọ pé kí n má lò ó. Ó ń bá mi fọ ẹsẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé Ìmẹ̀sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà kó àgbààgbà ẹbí méjì wá sí ọsibítù. Wọ́n kí mi pẹ̀lẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yí ká, pé ilé bàbá àwọn kò gbọdọ̀ ti ẹnu ọ̀nà, pé kò sí ohun tó burú bí ọkùnrin bá ronú sí ọ̀nà mìíràn nígbà tí dókítà bá ní kí ìyàwó má bímọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Mo kọjú sí ògiri, mo sì gbà pẹ̀lú wọn nínú ọkàn mi.

Ìyá ọkọ mi kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn láti ọjọ́ tó ti jẹ́wọ́. Ó ń ká aṣọ mi lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ojú tí yóò fi rí ọmọ náà ni a ń wá. Ẹ máa lọ sí ulé."

Wọ́n lọ. Ó wá bu omi sínú ife, ó gbé oògùn kékeré náà lé mi láàárín àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì dúró tì mí. Mo gbé e mì nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn.

Ó fi oko sílẹ̀ fún àwọn alágbàṣe, ó sì wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa fi ọjọ́ ọjà ìlú rẹ̀ ka ìgbà oògùn náà, nítorí bí ó ṣe ń ka gbogbo nǹkan nìyẹn. Ọkàn mi fò, nítorí ọrún-ọrún, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ni wọ́n ń ná ọjà wọn, oògùn náà ì bá sì máa yá ju bí ara mi ṣe lè gbà á lọ. Ọkọ mi ló so ó mọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ìsinmi fún un. Láti ìgbà náà, kí agogo tó dákẹ́, ó ti gbé e dé, kì í sì í kúrò níwájú mi títí n óò fi ya ẹnu kó rí i pé ó ti lọ. Irun mi ń já, ẹnu mi ń bó, gbogbo ọjọ́ Ajé ni ó ń rẹ̀ mí bí ẹni tó gba ọ̀nà jíjìn wálé. Ó ń se omi mímu, ó ń dá ọmọ tó bá ń húkọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní sọ́jà. Láràárọ̀, kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, n óò wo ihò ìṣó kan lára ògiri tó kọjú sí ibùsùn mi. Bí mo bá rí ihò náà, mo mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn ti kún mi lọ́wọ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ihò náà di méjì, tàbí tí kùrukùru bò ó, n óò sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, n kò ní lè mí. Kò sí ohun tí mo lè fi ẹ̀rù náà wé. Ó ń jí ṣáájú mi, ó ń sùn lẹ́yìn mi.

Díẹ̀díẹ̀ ni ihò ìṣó náà wá dúró gbọin. Dókítà dín oògùn funfun kù, ojú kò ru. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fọn padà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tó yá, ó dá oògùn aláwọ̀ ìyeyè náà dúró pẹ̀lú, ó ní kí a dúró ná, a sì dúró. Lẹ́yìn náà ó ní a lè máa gbìyànjú. Mo ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, n kò sì retí nǹkan púpọ̀.

Nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, n kò sẹ́ ẹ. Mo ti sọ òtítọ́ tó jọ irọ́ rí, n kò fẹ́ sọ irọ́ tó jọ òtítọ́ mọ́ láé. Mo bá ìyá ọkọ mi nídìí ìkòkò, mo ní, "Ìyá, mo ti lóyún." Ó fi ọwọ́ tó kún fún èlùbọ́ bò mí lẹ́nu. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo fèrèsé. Kò ní kí n tún un sọ, kò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí aládùúgbò kan bá wò mí lókè wò mí nílẹ̀, tí ó ní, ìyàwó yín mà ti tún ń sanra o, n óò gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi láti inú ilé, kedere, bí ẹni tí kò bìkítà: "Oògùn ojú ni."

Ó sọ ọ́ títí ikùn mi fi wọ yàrá ṣáájú mi. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́, gbogbo wọn sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Obìnrin ni mo bí. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, ọwọ́ òsì ni nọ́ọ̀sì dúró sí, mo sì yí gbogbo orí mi padà kí n tó lè rí i. Ọkọ mi ń wo ọmọ, àwọn ẹbí ń wo ọmọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà tó kó àgbààgbà wá sí ọsibítù nígbà kan ń pariwo ọpẹ́. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò wo ọmọ. Ojú ọ̀tún mi ni ó ń wò.

Ó ní, "Ṣé o rí i?"

Mo ní, "Mo rí i, Ìyá."

Nígbà náà ni ó tó wo ọmọ.

Ó ti pẹ́ tí ìyá ọkọ mi ti sùn nínú ilẹ̀ Ìmẹ̀sí. Ojú náà ṣì ń ru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n óò lo oògùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yóò yọ, wọn yóò sì kí mi ní ìgbádùn. N kì í jiyàn mọ́. Ọmọ náà ti dàgbà ju bí mo ti rí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ gún mi lójú. N kò tíì sọ gbogbo ìtàn yìí fún un tán, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá wá kí mi tó bá mi níbi tí mo jókòó sí, yóò yí àga ká láìsọ̀rọ̀, yóò gba apá ọ̀tún wá. Ìyá àgbà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa.